Ẹ Má Sọ Jálẹ̀ Lórí Fóònù: Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Dúró Lórí Owó Yín Tẹ́ Ẹ Bá Ń Ta Mọ́tò Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò sórí Jiji tàbí Facebook Marketplace láàárọ̀ yìí, kó tó di ọ̀sán ẹnì kan á ti kọ̀wé sí yín. Kò ní kí yín, kò ní béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì dáa, kò ní béèrè ìwé ọkọ̀, ohun tó máa kọ ò ju "Èló ni jálẹ̀?" lọ, ìyẹn iye tó kéré jù tẹ́ ẹ lè gbà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó, torí pé wọ́n á dáhùn. Wọ́n á ní "4.5 ni mo kọ síbẹ̀ àmọ́ mo lè gbà 4.2" (mílíọ̀nù náírà ni o), ẹni yẹn á ní "okay", ó tán. Kò ní wá wo mọ́tò lónìí, kò ní wá lọ́la, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá wá, 4.2 yẹn ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Òun ò tíì sọ iye kankan jáde lẹ́nu o, ẹ̀yin lẹ ti bá a ná an.

Ọ̀pọ̀ owó tó ń já bọ́ lára mọ́tò, kí oníbàárà tó fojú kan mọ́tò rárá ló ti ń já bọ́, nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, nínú bẹ́ ẹ ṣe dá wọn lóhùn, àti nínú bẹ́ ẹ ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé owó ń jẹ yín níyà. Torí náà ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìnájà gan-an ń bọ̀ níwájú.

Iye mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó ya fótò

Ẹ jókòó kẹ́ ẹ kọ iye mẹ́ta sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni iye tẹ́ ẹ máa kọ síta. Ìkejì ni iye tí inú yín máa dùn tẹ́ ẹ bá gbà. Ìkẹta ni iye tó jẹ́ pé tí wọ́n bá yọ náírà kan nínú ẹ̀, ẹ máa mú kọ́kọ́rọ́ yín ẹ máa lọlé. Ìkẹta yìí, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà ọ̀rẹ́ tó ní òun fẹ́ bá yín wá ẹni tó máa rà á, torí ọ̀rẹ́ máa ń di alágbàtà tówó bá ti dé ọ̀rọ̀, á lọ sọ fún oníbàárà pé "mo mọ̀ ọ́n, ó máa gbà 4m", kó ṣáà lè tètè rí tiẹ̀ gbà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ iye? Ẹ wá irú mọ́tò yín gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, ìlú kan náà, kẹ́ ẹ má lọ fi èyí tẹ́ ẹ ti ń wà káàkiri Ìbàdàn láti ọdún márùn-ún wé tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pọ́ọ̀tù. Ẹ sì rántí pé iye tí wọ́n ń pè é lẹ rí níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe iye tí wọ́n tà á. Èyí tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, iye ẹ̀ ni ò jẹ́ kó tà. Tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó, ẹ lè gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò ní Berger lọ́nà Àpápá sí Oshòdì kọjá kẹ́ ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra irú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún yà sí ibòmíì kẹ́ ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ tà á, iye méjèèjì tí wọ́n bá sọ, àárín ẹ̀ ni ọjà wà.

Àwọn iléeṣẹ́ tún wà tí wọ́n á yẹ mọ́tò wò tí wọ́n á sì dá iye tí wọ́n máa rà á lójú ẹsẹ̀. Iye tí wọ́n bá dá máa bí yín nínú, torí àwọn náà fẹ́ tún un tà kí wọ́n jèrè, àmọ́ ẹ gbé e lọ, ẹ gbọ́ iye, ẹ dúpẹ́, ẹ máa bọ̀ nílé. Ó ti wúlò fún yín. Oníbàárà tó bá ná an sísàlẹ̀ iye yẹn, ẹ̀rù ò ní bà yín láti jẹ́ kó máa lọ.

Ohun tó máa ń da orí àwa tá a ń ta mọ́tò rú jù ni iye tá a rà á. Ẹni tó ra Corolla ní 2018, tó bá fi iye ọjọ́ yẹn díwọ̀n, á tà á lọ́pọ̀, á sì máa rò pé òun jèrè. Látìgbà tíjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, tí náírà tún wá já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, owó tòkunbọ̀ gbéra, ó sì gbé owó mọ́tò tá a ti ń lò nílé dání. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló jẹ àǹfààní ẹ̀ bákan náà o. Epo tí ò tó ₦200 lítà kan tẹ́lẹ̀ di nǹkan bíi ₦500 lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì ti kọjá ibẹ̀ dáadáa látìgbà náà, torí náà ẹni tó ń ta Highlander V6 máa gbọ́ ọ̀rọ̀ epo lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá pè é, ẹni tó ń ta Corolla 1.8 ní tiẹ̀ ti ní ohun tó lè fi dúró. Tó bá jẹ́ Corolla lẹ ní, ẹ kọ 1.8 yẹn gàdàgbà. Tó bá jẹ́ V6, ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú iye yín.

Ká fi Corolla 2006 kan ṣe àpẹẹrẹ (ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé iye yìí lọ sọ́jà o, ìṣirò lásán ni mo fi ń ṣe): iye ìta 4.5m, iye tínú wa máa dùn sí 4.2m, jálẹ̀ 4m. Àyè tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ 5.5 torí pé "wọ́n ṣáà máa ná an", ẹni tó ní 4.2 lọ́wọ́ ò ní pè yín rárá, á kọjá sórí èyí tó kàn. Tẹ́ ẹ bá sì kọ jálẹ̀ yín síta tẹ́ ẹ wá fi "fixed price" sí i, ta ló fẹ́ gbà yín gbọ́ ní Nàìjíríà yìí? Wọ́n á ná an bí wọ́n ṣe ń ná an, ẹ ò wá ní nǹkan kan tẹ́ ẹ máa yọ fún wọn, inú á máa bí yín, inú á máa bí àwọn náà.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ síta

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń pa owó kú, "urgent" lorúkọ ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ni "owner travelling". Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ jápa, mo mọ̀ pé vísà ti jáde tí inú yín sì ń dùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sínú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò ni wọ́n ń wá kiri, wọ́n á béèrè ọjọ́ tí fláìtì yín jẹ́ bí ẹni tó ń bá yín yọ̀, wọ́n á ṣàdúrà ọ̀nà á là fún yín, wọ́n á wá dákẹ́ lọ gbáà, àfi lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kẹ́ ẹ fò, wọ́n á pè pẹ̀lú ìdajì owó. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ń lọ lóòótọ́, ẹ tètè gbé e síta, tàbí kẹ́ ẹ fi mọ́tò àti ìwé ẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò tẹ́ ẹ fọkàn tán, kí fláìtì yín má di ohun tí wọ́n máa fi ná yín. Tí wọ́n bá béèrè ìdí tẹ́ ẹ fi ń tà á, "mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀" ti tó, tàbí "mi ò lò ó tó bẹ́ẹ̀ mọ́". Irọ́ kọ́ o, ìyókù ni ò kàn wọ́n.

Àléébù wá ńkọ́? Gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó jọ pé èèyàn ń ba ọjà ara ẹ̀ jẹ́, ẹ gbọ́ ná. Àléébù tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀ ti wà nínú iye, ẹni tó bá fẹ́ fi ná yín níwájú mọ́tò, ẹ ní "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi pè é ní 4.5". Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ bá fi pa mọ́ tí mẹkáníìkì ẹ̀ wá rí i, kì í ṣe owó ìyẹn nìkan ló máa yọ o, á ní "kí lẹ tún fi pa mọ́?", á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì ní lẹ́nu láti fi dá a lóhùn. Tí wọ́n bá ti kun ilẹ̀kùn kan rí, ẹ má kọ "first body", ìyẹn pé wọn ò tíì tún mọ́tò yẹn kùn rí. Nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹni tó mọ mọ́tò máa ṣe ni kó máa fi eegun ìka kan ara ẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ibi tó jẹ́ irin á dún bí irin, ibi tí wọ́n ti lẹ nǹkan mọ́ kí wọ́n tó kùn ún á dún kù, bí ìgbà téèyàn kan páálí.

Ọ̀rọ̀ fótò ò pọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yà á láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú, búùtù, bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ ya dáṣíbọ́ọ̀dù tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n rí i pé iná "check engine" ò tàn. Ẹ bo nọ́ńbà ọkọ̀. Tí táyà yín bá ṣì tuntun, ẹ ya ibi tí nọ́ńbà mẹ́rin yẹn wà lára ẹ̀ (2324 ni ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2024), torí ẹni tó bá rí i ò ní lè fi ọ̀rọ̀ táyà ná yín mọ́. Ẹ sì tún pátíkúlá ṣe kẹ́ ẹ tó gbé e síta. Owó tí ìyẹn máa ná yín ò tó nǹkan kan lára owó tí oníbàárà máa fẹ́ yọ torí pé "ìwé ti kú".

Lórí WhatsApp

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń lọ.

"Last price?"

"Ẹ káàsán sà. 4.5 la kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹ wá wò ó ná, ẹ wà á, tó bá tẹ́ yín lọ́rùn a máa sọ̀rọ̀ owó."

"Ṣágámù ni mo wà, mi ò fẹ́ wá lásán. Ẹ sọ jálẹ̀."

"Ó yé mi sà. Kẹ́ ẹ má bàa wá lásán, mo máa ṣe fídíò fún yín láàárọ̀ ọ̀la tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, mo máa ṣí i lójú yín. Tó bá wù yín, ẹ mú mẹkáníìkì yín wá ní Sátidé."

"3m. Owó wà nílẹ̀."

"Haa, ẹ̀gbọ́n, kò dé ibẹ̀ yẹn o. Ẹ wo fídíò ná."

Ẹ wò ó dáadáa. Ó ná an ní 3m, ẹni tó ń tà á ò bínú, kò ní "ṣé orí yín pé", kò sì fi 4.3 pàdé ẹ̀. Ohun tí 3m yẹn ń wá gan-an nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sọ 4.3, á ní "ó dáa, ká pín in sí méjì", àárín 3 àti 4.3 ni 3.65, ó sì ti fi 350,000 wọ inú jálẹ̀ yín látorí bẹ́ẹ̀dì tó dùbúlẹ̀ sí. Ẹ má fi iye kankan dá irú ẹ̀ lóhùn. Tó bá fẹ́ rà á lóòótọ́ á wo fídíò.

Ẹ tètè máa dá wọn mọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà máa ń béèrè ìwé, á béèrè bóyá gíà ń já, á béèrè àdúgbò tẹ́ ẹ wà, á béèrè bóyá òun lè mú mẹkáníìkì dání. Ẹ ráyè fún irú wọn, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ohùn èèyàn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Ẹni tó kàn ń ná kiri, ẹnu ẹ̀ ò ní kúrò lórí jálẹ̀. Alágbàtà ní tiẹ̀ á ní "mo ní oníbàárà nílẹ̀, èló ni tiyín kí n mọ bí mo ṣe máa fi tèmi sí i?" Mi ò ní kẹ́ ẹ lé e o, ọ̀pọ̀ mọ́tò ló jẹ́ pé àwọn ló ń bá wa tà á, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fi owó tiẹ̀ lé e lórí. Tó bá gbé fótò yín síta ní 4.9, tí ẹlòmíì wá rí 4.5 tiyín, àwọn méjèèjì á rò pé gbájúẹ̀ ni. Ẹ ní kó pè é ní 4.5 bẹ́ ẹ ṣe pè é, kẹ́ ẹ sì ti fẹnu kò lórí iye tẹ́ ẹ máa fún un tí ẹni tó bá mú wá bá sanwó tán.

Tí mẹkáníìkì bá dé

Ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ ti pàdé, níbi tí èrò wà, ilé epo tàbí iwájú báńkì, kẹ́ ẹ sì mú ẹnì kan dání. Ẹ má fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n nìkan máa wà á lọ, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ẹ́ńjìnnì ní tútù, ẹni tó bá gbọ́ bó ṣe dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu yín lọ.

Mẹkáníìkì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á yọ gééjì ọ́ìlì, á fi ìka méjì fi ọ́ìlì yẹn ra ara wọn, á gbóòórùn ẹ̀. Á ní kẹ́nì kan tẹ̀ ẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké, á lọ dúró sẹ́yìn, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu sáléńsà, á wo ọwọ́ ẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan. Á wá rọra mi orí. Mímì orí yẹn, iṣẹ́ ni o. Ẹni tó mú un wá ń wò ó, ẹ̀yin náà ń wò ó, tẹ́ ẹ bá fi lè sáré béèrè pé "kí ló ṣe ọ̀gá, ṣé kò sí o?", gbogbo yín ti gbà pé nǹkan kan wà. Ẹ dákẹ́. Ẹ máa fi aṣọ nu gíláàsì. Á sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀.

Ohun tó máa sọ á jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan ò níye lórí: "ẹ́ńjìnnì yìí ti ń rẹ̀", "mọ́tò yìí ti jìyà". Èkejì níye lórí: ṣọ́kì iwájú ti lọ, ẹ́ńjìnnì sítì kan (rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró) ti jẹ, éésì ò tutù tó. Iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ máa fà á kúrò nínú èyí tí ò níye wá sínú èyí tó níye. "Ẹ ṣeun ọ̀gá. Ṣọ́kì iwájú méjèèjì, èló ni wọ́n ń tà á lọ́jà páàtì Ládípọ̀ báyìí? Iṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́?" Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń ta páàtì, ẹ pè é níbẹ̀, kí ohùn ẹ̀ jáde síta kí gbogbo wọn gbọ́. Iye tó bá jẹ́, tó bá jẹ́ òótọ́ pé ṣọ́kì ti lọ tẹ́ ẹ ò sì kọ ọ́ síta, ẹ yọ ọ́ nínú owó tinútinú. Ìyẹn nìkan o. "Ẹ́ńjìnnì ti ń rẹ̀" lè yọ 500,000 lẹ́nu èèyàn, ṣọ́kì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ ti ṣe skáànù sílẹ̀ kí wọ́n tó dé, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ skánà wo ohun tó ń ṣe mọ́tò. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 wá ló ní ihò tí wọ́n ń ki skánà bọ̀ lábẹ́ sítíárì, mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ á mú tiẹ̀ dání. Tí iná check engine bá ń tàn, ẹ wá ohun tó fà á, kẹ́ ẹ má kàn ní kí ẹnì kan bá yín pa iná yẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, torí skánà tó dáa máa fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni. Tó bá jẹ́ Camry Muscle, 2007 sí 2009 onísílíńdà mẹ́rin yẹn, ẹ múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, ìròyìn ti kàn pé ẹ́ńjìnnì 2.4 yẹn máa ń mu ọ́ìlì, tiyín ì báà má mu ún, wọ́n á sọ ọ́. Ẹ ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn àti iye máìlì tó wà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ fà á yọ, kí wọ́n fúnra wọn wo gééjì.

Mẹkáníìkì míì á fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní "ọ̀gá, ẹ wá nǹkan fún mi kí n bá yín sọ ọ́ dáadáa". Ẹ má ṣe é. Ẹni tó gbà lọ́wọ́ yín á tún lọ gbà lọ́wọ́ ìkejì, kò sì dáa kí èèyàn ta mọ́tò lọ́nà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní "ẹni tó mú yín wá ló máa tọ́jú yín". Tí ọjà bá parí tán tẹ́ ẹ wá fún un lówó omi níwájú ọ̀gá ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Ìnájà gan-an

Wọ́n ti wò ó, wọ́n ti wà á, wọ́n ti dúró, ẹnì kan á ní "ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀". Ẹ ní "ẹ̀yin náà ẹ ná an". Ẹ jẹ́ kí iye ti ẹnu tiwọn kọ́kọ́ jáde. Ká ní wọ́n pè é ní 3.6. "Kò gbà, ẹ̀gbọ́n." Ẹ má tíì yọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó fi kún un lẹ́ẹ̀kan ná. Tó bá di 3.75, ẹ lè wá sí 4.38. Tó bá di 3.85, ẹ wá sí 4.3. Lẹ́yìn ìyẹn 4.26. Lẹ́yìn ìyẹn 4.24. Ẹ rí i pé ohun tí mò ń yọ ń kéré sí i ni. Ẹni tó ń yọ 100, 100, 100, oníbàárà á máa dúró de 100 tó kàn, kò sì jẹ̀bi, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Tí ohun tẹ́ ẹ ń yọ bá di 20,000, kò dìgbà tẹ́nì kan bá sọ fún un kó tó mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ti dé.

Tẹ́ ẹ bá sọ iye tán, ẹ pa ẹnu mọ́. Èyí le fún àwa Yorùbá, a ò fẹ́ kí ilẹ̀ pa rọ́rọ́ láàárín èèyàn méjì, a máa ń fẹ́ fi nǹkan dí i, ohun tá a sì máa ń fi dí i ni "àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á lóòótọ́ ṣá...". Ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí òun ló máa sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì yọ nǹkan lásán. "Mo lè wá sí 4.24 tẹ́ ẹ bá máa san gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdé." Tó bá ní òun fẹ́ san ìdajì kí òun san ìyókù ní ìparí oṣù, iye yẹn padà sókè, tàbí kí ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ má wáyé.

Tó bá ní "ká pín in sí méjì", ẹ ṣírò ó kẹ́ ẹ tó dáhùn. Òun wà ní 3.9, ẹ̀yin wà ní 4.24, àárín ẹ̀ ni 4.07. Ó ti kọjá jálẹ̀ yín, kò burú, àmọ́ ẹ má tíì gbà á. Ẹ ní "ẹ jẹ́ kó jẹ́ 4.15, mo máa fi jáákì àti táyà sípíà sí i, mo sì máa san íńṣọ́ránsì ọdún kan". Third party, íńṣọ́ránsì tó kéré jù tófin béèrè, ti mọ́tò tèèyàn ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ti di ₦15,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ẹ wo iye tí ìyẹn jẹ́ lára 80,000. Oníbàárà fẹ́ délé kó lè sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé òun rí nǹkan gbà sí i. Ẹ jẹ́ kó rí nǹkan gbà.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà wá ni tiẹ̀. Bàbá kan á dúró, á fi ọwọ́ lé yín léjìká, á ní "ọmọ mi, wo ojú mi, 3.8 ni mo ní". Kò sẹ́ni tí wọ́n tọ́ dáadáa tó máa ní "rárá" fún bàbá lójú ayé báyẹn. Ẹ ní "Bàbá, ẹ má bínú sí mi, kò gbà bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ó gbà, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì". Ẹ tẹrí ba díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́, ara iṣẹ́ ni. Bàbá á wá bọ́ sórí àdúrà, Ọlọ́run á fi jíìpù rọ́pò ẹ̀ fún ẹ, wàá rí i ṣe, ọ̀nà ẹ á là. Ẹ ṣe àmín tọkàntọkàn, àdúrà dáa, kẹ́ ẹ wá tún sọ 4.24 lẹ́yìn àmín. Èyí tó máa ń bá mi lẹ́rìn-ín jù ni ẹni tó ti kọ̀ láti fi 10,000 kún un láti ìṣẹ́jú ogún, tó wá ń bá yín sọ pé ẹ fi òun ṣe àbúrò. "Àbúrò mi ni yín tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kúrò ní 4.5."

"Gbogbo owó tí mo mú wá nìyí." Ẹ máa gbọ́ ọ dandan, ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè má jẹ́ òótọ́, kò sídìí láti jà lé e. Ẹ ní "kò burú, ẹ fi nǹkan sílẹ̀ ká kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò ní tà á fún ẹlòmíì títí di Wẹ́sidé". Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyókù owó yẹn kò jìnnà. Tẹ́ ẹ bá gba àsansílẹ̀, ẹ kọ iye ẹ̀, ọjọ́ tí ìyókù gbọ́dọ̀ wọlé, àti bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí tí ò bá wọlé, kí ẹ̀yin méjèèjì bu ọwọ́ lù ú. Ẹ má fi ẹnu lásán ṣe é.

Tó bá sì ní òun ń lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ má tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ẹ má pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ dúpẹ́ pé ó wá. Ẹni tí mọ́tò yẹn bá wù lóòótọ́ á pè, òun náà sì ń wo fóònù ẹ̀ bóyá ẹ máa pè. Tí mọ́tò bá ti pẹ́ nílẹ̀, tí iye tó ná gbẹ̀yìn sì ti dé jálẹ̀ yín, ẹ lè fi méèsì kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta, "ẹ káàárọ̀ sà, mọ́tò ṣì wà o". Kẹ́ ẹ má kọ iye sí i.

Owó àti ìwé

Tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kò, ìnájà tán, kò tún sí "mo gbàgbé, éésì ò..." mọ́. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀.

SMS tó ní owó wọlé kì í ṣe owó. Ẹ ṣí app báńkì yín, ẹ wo bálánsì fúnra yín, kì í ṣe fótò tí òun fi hàn yín lórí fóònù tiẹ̀. Tó bá ní "ó ti kúrò lọ́dọ̀ mi o, network ni", ẹ jọ jókòó dè é, kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí wọ́n parí ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, nínú báńkì, torí tí tíránsífà bá há, ẹni tó lè wò ó wà níbẹ̀, tí ìwọ̀n iye tó lè fi ránṣẹ́ lórí fóònù lójúmọ́ bá sì ti pé, wọ́n á bá a ṣe é lórí káńtà.

Ẹ kọ risíìtì: orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, iye owó ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, nọ́ńbà ṣáṣí, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ọjọ́, àti aago tó gbé e lọ, kẹ́ ẹ fi sí i pé ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbà á bó ṣe wà. Ẹlẹ́rìí kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀. Aago yẹn ṣe pàtàkì, torí títí tó fi máa lọ ṣe change of ownership (kó yí orúkọ ẹni tó ni mọ́tò padà, ọ́fíìsì MVAA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, ni tó bá jẹ́ Èkó), orúkọ yín ló ṣì wà lórí mọ́tò yẹn, tí kámẹ́rà ojú pópó bá yà á níbi tó ti rú òfin, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá. Ẹ máa pè é títí tó fi máa ṣe é, ẹ má tijú.

Kó tó gbé e lọ, ẹ kó ìwé yín kúrò nínú pigeonhole, ẹ yọ trákà tó bá wà nínú ẹ̀, ẹ pa orúkọ fóònù yín rẹ́ nínú rédíò. Ẹ yọ ọjà yẹn kúrò lórí gbogbo ibi tẹ́ ẹ gbé e sí lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnì kan á ṣì pè, á ní òun ní 4.4 nílẹ̀. Ẹ ní "ẹ ṣeun sà, ó ti lọ", kẹ́ ẹ má sì sọ iye tẹ́ ẹ tà á fún un.